Apá Bíréèkì

Fọ́ọ̀kì Rálè bàbá mi kò mọ họ́ọ̀bù yìí rí.
Ọ̀pá ni wọ́n fi ń dá kẹ̀kẹ́ náà dúró látijọ́,
ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti ìdí ọwọ́ dé ìdí rọ́bà,
rọ́bà tí í di ríìmù mú gírígírí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀,
tí òjò bá dé, a di ọṣẹ.

Mùráínà ní Sábó ló tà á fún mi,
ó wúwo bí agolo mílíìkì tí wọ́n rọ yanrìn sí.
"Bíréèkì inú agolo," ló pè é.
"Bàtà méjì ló wà nínú ẹ̀. Òjò ò lè rí wọn."
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, lẹ́yìn tí a ti ná an títí
tí ẹnu mi gbẹ, tí tirẹ̀ náà gbẹ.

Mo dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé.
Mo gbé họ́ọ̀bù sí i. Ó kọ̀.
Ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì há, ọ̀pá àárín họ́ọ̀bù sanra.
Ó há, mo ha á:
fáìlì lọ, fáìlì bọ̀, lẹ́nu ihò méjèèjì,
eruku irin ń bọ́ sórí ìró mi bí àtíkè.
Ìyá Kúdírátù yọjú lórí ògiri:
"Tíṣà, ṣé kò sí ọkùnrin nínú ilé yẹn ni?"
Mo ní ó wà. Ó ń sùn.

Síbẹ̀ ó ku ìbú ìka ọmọdé kan.
Mùráínà ní lórí fóònù, "Má fagbára là á o.
Irin tó ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta
kì í ṣe ọmọ tí à ń fà létí."
Mo ki bóòtù gígùn sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì,
mo yí nọ́ọ̀tì ní ìdajì, mo dúró,
mo mu omi, mo tún yí i.
Irin náà ké tín-ín lẹ́ẹ̀kan.
Ó gbà.

Ó wá ku apá:
pẹlẹbẹ irin kan tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo
bí ọwọ́ ẹni tó ń wá nǹkan dì mú nínú òkùnkùn.
Mo rò pé ó ṣẹ́kù ni. Mo ní n óò gé e.
"Háà! Tíṣà! Kí lo fẹ́ ṣe?
Tí o bá tẹ bíréèkì, gbogbo inú ẹ̀ ló fẹ́ bá táyà yí.
Apá yẹn ló ń sọ fún un pé ibí la wà.
Dè é mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, kí o dè é dáadáa.
Apá tí a ò bá dè, àpá ló máa fi síni lára."

Àpá.
Mo gbé sípánà sílẹ̀.

Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ni bàbá mi ní stéṣọ̀n.
Láràárọ̀, tó bá dé ìdí máńgòrò
níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Fíà ti bẹ̀rẹ̀,
á sọ̀kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ lọ títí dé pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Àwọn ọmọ á ní, "Kẹ̀kẹ́ ló ń gun bàbá yìí!"
Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti bá wọn rẹ́rìn-ín.
Ìgbà tó rọ lápá tán, tí mò ń wẹ̀ ẹ́ lórí àga,
ni mo rí àpá náà láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká.
Gbólóhùn mẹ́ta ló sọ, ó dákẹ́:
Òjò rọ̀. Mo tẹ bíréèkì. Kò gbọ́.

Kílíìpù tí wọ́n fi ń dè páìpù omi ni mo fi dè é,
mo fi awẹ́ túúbù àtijọ́ tẹ́ abẹ́ rẹ̀
kó má baà họ ìlà wúrà ara fọ́ọ̀kì.
Mo fún un. Mo tún un fún.

Òjò dá nírọ̀lẹ́ Àlámíìsì, ọ̀dà ń dán.
Mo gùn ún láti òkè, ìró mi so mọ́ orúnkún,
atẹ́gùn ń bọ́ gèlè lórí mi, mi ò dì í mú.
Ní ìdí máńgòrò, mo tẹ̀ ẹ́.
Agolo náà kùn bí ológbò tí wọ́n jí lójú oorun,
kẹ̀kẹ́ rọra tẹrí ba, ó dúró.

Mo fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta kọjá igi náà.
Wáyà ń fẹ́ fífà díẹ̀ sí i.